Ojú kan náà, kóòdù ọ̀tọ̀: mo yẹ lẹ́tà Mòngólíà orí Unicode wò

Lẹ́tà Mòngólíà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò fún yín lónìí o, èyí tí wọ́n ń kọ láti òkè wá sísàlẹ̀ yẹn, bó ṣe wà nínú Unicode, ìyẹn àkójọ tí gbogbo ayé ń lò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀, kóòdù, tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ Google tó ń jẹ́ Noto Sans Mongolian, torí àwọn méjèèjì yìí ni ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Fọ́ǹtì yẹn dáa gan-an, ó lẹ́wà, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kóòdù tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú, torí gbogbo ohun téèyàn tẹ̀ lè rí bó ṣe yẹ kó rí lójú, kó má sì jẹ́ ohun tó fẹ́ tẹ̀ ló wà nínú kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ pósítà ló gbé mi dé ìdí ẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdọọdún ni UNESCO yà sọ́tọ̀ fún èdè abínibí, tọ́jọ́ náà bá sì ti ń sún mọ́lé, àwa tá à ń ṣe dìsáìnì a máa ń kó orúkọ èdè oríṣiríṣi jọ sójú bébà kan, Yorùbá, Lárúbáwá, Hindi, Amharic, gbogbo ẹ̀ pátá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tẹ́ ẹ bá ti rí i kọ́pì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, ó parí. Mòngólíà ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ibẹ̀ ni mo ti jókòó tì í, mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju pósítà lọ, torí èèyàn gidi ló ń fi lẹ́tà yìí kọ̀wé síjọba, òun làwọn kan fi kọ́ ìwé kíkà ní kékeré, tí kọ̀ǹpútà ò bá gbọ́ ọ dáadáa, àwọn ló ń jìyà ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ọdún 1204 ni Genghis Khan, olórí àwọn Mòngólíà, ṣẹ́gun ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ Naiman, wọ́n wá mú akọ̀wé wọn kan, Tata-tonga, ọmọ Uyghur ni, òun ni wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ ọba ní lẹ́tà tàwọn Uyghur, bí ìwé ṣe wọ èdè Mòngólíà nìyẹn. Òkúta kan wà ní mùsíọ̀mù Hermitage ní St Petersburg tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1225, òkúta Yisüngge, ọmọ àbúrò Genghis Khan, wọ́n gbẹ́ ẹ láti fi ròyìn ọfà tí ọkùnrin náà ta tó lọ jìnnà réré, ó wà lára ìwé tó pẹ́ jù tí wọ́n fi lẹ́tà yìí kọ tó ṣì wà títí dòní. Lẹ́tà Uyghur fúnra ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Sogdian ló ti wá, tàwọn Sogdian náà sì ti ara ti Árámáíkì yọ, torí náà mọ̀lẹ́bí ni òun àti Lárúbáwá àti Hébérù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn ò ní fojú rí i.

Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé lẹ́tà tí wọ́n yá yìí ò ní àmì tó pọ̀ tó fún gbogbo ìró tó wà lẹ́nu àwọn Mòngólíà. O àti u, àmì kan ṣoṣo. T àti d, àmì kan náà níbi púpọ̀. Kò dí wọn lọ́wọ́ o, ẹni tó gbọ́ èdè á mọ èyí tí wọ́n ń wí látinú ọ̀rọ̀ tó yí i ká, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe ń ka Yorùbá tí kò ní àmì ohùn lórí Facebook láìsí wàhálà. Àwọn kan ṣáà rí i pé ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Àwọn Manchu tó yá lẹ́tà náà lọ́wọ́ Mòngólíà fi dọ́ọ̀tì àti àmì róbótó kún un ní 1632, ní 1648 mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà kan, Zaya Pandita, ṣe ti àwọn Oirat, ẹ̀yà Mòngólíà apá ìwọ̀ oòrùn, ó fún ìró kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tiẹ̀, wọ́n ń pè é ní Todo. Àmọ́ àwọn Mòngólíà tó kù ò yí padà, ti àtijọ́ ni wọ́n ń bá lọ. Gbogbo wọn ni Unicode kó sínú búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, Mòngólíà gan-an, Todo, Manchu, àti Sibe tó bá Manchu tan, láti kóòdù 1800 dé 18AF (lẹ́tà A dé F wà lára òǹkà tí wọ́n fi ń ka kóòdù), nínú ẹ̀dà 3.0 tó jáde ní 1999.

Ó yá, fọ́ǹtì. Láísẹ́ǹsì SIL Open Font ni wọ́n fi gbé Noto Sans Mongolian jáde, ẹ lè lò ó fún pósítà, fún ìwé títà, fún áàpù, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ẹni tó bá ń lo Windows ti ní Mongolian Baiti tẹ́lẹ̀, ó ti ń bá Windows wá látìgbà Vista, kò burú rárá, àmọ́ Noto ni mo fẹ́ràn jù fún ohun tó máa tóbi lójú bébà. Àwọn Mòngólíà ní orúkọ fún gbogbo ìlà tó wà lára lẹ́tà wọn, orúkọ ara sì ni púpọ̀ nínú ẹ̀: ìlà gígùn tó ti òkè dé ìsàlẹ̀ yẹn ni egungun ẹ̀yìn, èyí tó yọ ṣóńṣó níbẹ̀rẹ̀ ni adé, àwọn tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni eyín, ikùn wà, ojúgun wà, ìrù wà. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ orúkọ wọ̀nyí tán tẹ́ ẹ wá fi Noto tẹ ọ̀rọ̀ kan tóbi, gbogbo ẹ̀ ló hàn kedere, egungun ẹ̀yìn ẹ̀ dúró ṣánṣán, eyín ẹ̀ ò há mọ́ra, ìrù ẹ̀ ò gùn jù. Ẹni tó ya fọ́ǹtì yẹn mọṣẹ́.

Ti ìdúró ńkọ́? Lẹ́tà yìí ń ti òkè lọ sísàlẹ̀, ìlà ẹ̀ sì ń ti òsì lọ sí ọ̀tún, kò dà bíi ti Ṣáínà àtijọ́ tí ìlà tiwọn ń ti ọ̀tún bọ̀. Lórí wẹ́bùsáìtì kò le, ìlà kan péré ni nínú CSS, èdè tí wọ́n fi ń ṣètò ìrísí wẹ́bùsáìtì, writing-mode: vertical-lr, bírọ́sà ayé ìsinsìnyí gbọ́ ọ. Àmọ́ nínú fọ́ǹtì gan-an, ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ya lẹ́tà náà sí, áàpù tó ń lò ó ló yẹ kó gbé e nàró, áàpù tí ò bá wá mọ̀ ọ́n ṣe á kàn tẹ́ ẹ gbalaja sójú ìwé, ẹni tó fẹ́ kà á á máa yí ọrùn. Áàpù dìsáìnì tí mo ń lò lórí fóònù, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá, inú bírọ́sà ni mo ti tẹ̀ ẹ́ tí mo fi yà á ní àwòrán kó tó wọ pósítà. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé gidi ò lè máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo méjì yìí: ᠣᠷᠳᠤ àti ᠤᠷᠲᠤ. Àkọ́kọ́, ordu, ààfin ni. Ìkejì, urtu, ohun tó gùn ni. Ẹ fi wọ́n síra wọn, ẹ sún un mọ́jú, ẹ fẹ̀ ẹ́ títí dé ibi tí sikirinì yín lè fẹ̀ ẹ́ dé, wọ́n jọra bí ìbejì, adé kan náà níbẹ̀rẹ̀, ikùn kan náà, ìrù kan náà nísàlẹ̀. Lórí bébà kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn, kò sì sígbà kankan tó wà. Ẹ wá bi kọ̀ǹpútà. Ó ní ti ààfin jẹ́ 1823, 1837, 1833, 1824. Ó ní ìkejì jẹ́ 1824, 1837, 1832, 1824. Nọ́ńbà méjì nínú mẹ́rin ló yàtọ̀! Torí Unicode ò fi kóòdù sí ohun tójú rí, ìró tó ti ẹnu jáde ló fi kóòdù sí, o ní tiẹ̀, u ní tiẹ̀, t ní tiẹ̀, d ní tiẹ̀, ojú ì báà jẹ́ ọ̀kan.

Ẹ rò ó wò ná. Akọ̀wé kan ní Ulaanbaatar, olú ìlú Mòngólíà, tàbí ní Hohhot ní Ṣáínà, ń tẹ ìwé tó gùn, ìka ẹ̀ bọ́ sórí u níbi tó yẹ kó tẹ o, sikirinì ò ní sọ nǹkan kan fún un, ìwé náà á jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bó ṣe yẹ, ọ̀gá á kà á, á fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó máa rí i, torí kò sóhun tó ṣeé rí níbẹ̀. Ó di ọjọ́ tí ẹnì kan bá ń wá ọ̀rọ̀ yẹn nínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó mọ̀, kọ̀ǹpútà á ní òun ò rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú wọn gedegbe. Kódà orúkọ wọn fúnra ẹ̀, ᠮᠣᠩᠭᠣᠯ, Mongol, o ẹ̀ méjì ni, tẹ́ ẹ bá fi u rọ́pò èyí àkọ́kọ́, tàbí èyí ìkejì, tàbí méjèèjì, pẹ̀lú èyí tó tọ̀nà, ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn láti tẹ orúkọ orílẹ̀-èdè kan, ojú kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ sì ní. Ẹ wá ro ìwé ìforúkọsílẹ̀, ẹ ro orúkọ èèyàn nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, ẹ ro ọmọ ilé ìwé tó ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ò mọ ìdí tí nǹkan kan ò fi jáde.

Àwa náà mọ irú ìyà yìí, àmọ́ tiwa ní oògùn. ẹ́ tá à ń tẹ̀ yìí, ẹnì kan lè bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ tó ti ní àmì abẹ́ lára, 1EB9, kó wá fi àmì ohùn 0301 lé e, ẹlòmíì á bẹ̀rẹ̀ látorí e lásán, á fi àmì abẹ́ 0323 sí i, á tún wá fi 0301 lé gbogbo ẹ̀ lórí. Ojú kan, kóòdù ọ̀tọ̀, gbogbo ẹni tó bá ti wá orúkọ ara ẹ̀ nínú fáìlì Yorùbá tí ò rí i á mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n Unicode mọ̀ pé nǹkan kan náà ni méjèèjì, ó wà nínú òfin wọn, sọ́fítíwíà tó bá ti ṣe normalization á sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohunkóhun. Fún o àti u Mòngólíà kò sírú ẹ̀, kò sì lè sí, lẹ́tà méjì tó dá yàtọ̀ ni wọ́n lójú Unicode, tí wọ́n bá sì fi dandan sọ wọ́n di ọ̀kan, gbogbo ìdí tí wọ́n fi yà wọ́n níṣàájú ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí kò sí ẹnì kan tó lè jókòó lọ́fíìsì kan kó ní òun ti tún un ṣe.

Òdìkejì ẹ̀ tún wà, lẹ́tà g, tí kóòdù ẹ̀ jẹ́ 182D. Ẹ tẹ gal, iná nìyẹn: ᠭᠠᠯ. Ẹ tẹ ger, ilé nìyẹn, àgọ́ róbótó tí wọ́n ń gbé ní pápá: ᠭᠡᠷ. Kóòdù kan náà ló bẹ̀rẹ̀ méjèèjì, àmọ́ ẹ wò wọ́n, ti gal ní dọ́ọ̀tì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti ger tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọfà, kò ní dọ́ọ̀tì kankan. Ìdí ni pé fáwẹ̀lì wọn pín sí akọ àti abo, bí àwọn fúnra wọn ṣe ń pè é nìyẹn, a, o àti u jẹ́ akọ, e, ö àti ü jẹ́ abo, i ò ṣe akọ ò ṣe abo, akọ kì í sì í bá abo gbé inú ọ̀rọ̀ kan. Kò yẹ kí ìyẹn ṣàjèjì létí wa, torí tiwa náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀, e ò ń bá ẹ gbé inú ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe àkànpọ̀, ewé là ń pè, ẹsẹ̀ là ń pè. G tó bá wá bọ́ sínú ọ̀rọ̀ akọ á gba ìrísí akọ, tinú ọ̀rọ̀ abo á gba tabo, fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Nígbà míì i ló tẹ̀ lé g, i ò sì jẹ́rìí fún ẹnì kankan, fọ́ǹtì á ní láti wo ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn títí á fi rí fáwẹ̀lì tó máa sọ òótọ́. Ẹ tún fi ipò kún un, lẹ́tà níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, láàárín, nípàrí, tàbí tó dá dúró, kálukú ní ìrísí tiẹ̀, bíi ti Lárúbáwá.

Gbogbo iṣẹ́ yẹn ń lọ lábẹ́lẹ̀ láìpariwo, ibẹ̀ ni mo ti gbóríyìn fún Noto, mo tẹ gal lórí bírọ́sà, dọ́ọ̀tì yọ, mo tẹ ger, kò sí dọ́ọ̀tì, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan sí i. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, nínú ọ̀rọ̀ abo, k náà ń tẹ̀ kọrọdọ gẹ́gẹ́ bíi g. Kele, èdè, ᠬᠡᠯᠡ, 182C ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi 182D bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan lójú. Ọ̀rọ̀ tó sì yẹ kó wà lórí pósítà Ọjọ́ Èdè gan-an nìyẹn, torí náà mo fi áàpù tó ń fi kóòdù han èèyàn yẹ̀ ẹ́ wò ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí n tó gbé e síta.

Ibi tó ń dá mi lágara gan-an ni àwọn kóòdù tí kì í hàn. Tí fọ́ǹtì ò bá lè dá mọ ìrísí tó yẹ, ẹni tó ń tẹ̀wé ló máa fi àmì kan tójú ò rí sẹ́yìn lẹ́tà láti júwe fún un, FVS ni wọ́n ń pè é, mẹ́ta ni wọ́n látìbẹ̀rẹ̀, 180B dé 180D, wọ́n wá fi ìkẹrin kún un, 180F, ní 2021. Òmíì ni MVS, 180E, òun ló ń ya a tàbí e tó gbẹ̀yìn kúrò lára ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ìrù ẹ̀ lè rí bó ṣe yẹ, bíi qara, dúdú, ᠬᠠᠷ᠎ᠠ, lẹ́tà mẹ́rin lójú, kóòdù márùn-ún nínú. MVS yìí, spésì ni Unicode kọ́kọ́ kà á sí, ó di 2013 kí wọ́n tó sọ pé kì í ṣe spésì mọ́, sọ́fítíwíà tó bá ti pẹ́ jùyẹn lọ lè gé ọ̀rọ̀ yẹn sí méjì láàárín, kó kà á sí ọ̀rọ̀ méjì.

Ti àfòmọ́ tún wà, àwọn ẹyọ ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tẹ̀ lé orúkọ láti sọ pé nǹkan jẹ́ ti ẹnì kan tàbí ó ń lọ síbì kan, nínú ọ̀pọ̀ ìwé, wọ́n máa ń fi spésì tóóró tí kì í já ìlà ṣáájú wọn, 202F. Ẹ̀yin ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò tẹ́ ẹ ń tẹ Faransé lójoojúmọ́ á mọ̀ ọ́n, òun náà ni wọ́n ń fi ṣáájú àmì ìbéèrè. Kóòdù kan, iṣẹ́ méjì tí kò bára tan, nínú Faransé ó ń ya àmì kúrò lára ọ̀rọ̀, ní Mòngólíà ó ń so àfòmọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ tó ni ín, ìrísí àfòmọ́ yẹn gan-an wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ò sì mọ̀ ju pé spésì ni lọ, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀ sí spésì lásán nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ́pì, àfòmọ́ yẹn á wá já, á rí bí ọ̀rọ̀ mìíì.

Kò ní dáa kí n máa bá àwọn tó ṣe é wí láì sọ ìdí wọn. Mòngólíà àti Ṣáínà ló jọ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ láwọn ọdún 1990, ìró ni wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀ torí bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ ọmọ nílé ìwé nìyẹn, á ní èyí o, èyí u, bí ojú wọn ò tilẹ̀ yàtọ̀. Ó ní èrè tó dájú. Látìgbà tí Mòngólíà ti bọ́ sórí Cyrillic, irú lẹ́tà táwọn ará Rọ́ṣíà ń lò, láwọn ọdún 1940, o àti u ti ní lẹ́tà ọ̀tọ̀ níbẹ̀, tí kóòdù lẹ́tà àtijọ́ bá wá ń tẹ̀ lé ìró, ó rọrùn fún kọ̀ǹpútà láti gbé ìwé láti ọ̀kan sí èkejì, ó rọrùn láti to ọ̀rọ̀ bíi ti atúmọ̀ èdè, ó rọrùn láti jẹ́ kí ẹ̀rọ kà á sókè. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn, tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá tẹ ìró tó tọ̀nà, ibẹ̀ gan-an ló ti ń já, torí kò sóhun tó ń kìlọ̀ fún un.

Ohun tí mi ò lè gbà fún wọn ni pé kóòdù jáde, òfin ìrísí ò bá a jáde kúnná. FVS àkọ́kọ́ lẹ́yìn lẹ́tà yìí, ìrísí wo ló máa mú wá? Ilé fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bó ṣe yé e, ìwé tó gún régé nínú fọ́ǹtì kan á dàrú nínú òmíì, nǹkan tí ò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá nìyẹn lórí ohun tí wọ́n ṣe torí kí gbogbo ayé lè ka ohun kan náà. Unicode ti wá ní ìwé àlàyé báyìí, Technical Note 57, tó to bí ìrísí ṣe yẹ kó máa yọ lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó bá ń ṣe fọ́ǹtì tí ò tíì kà á, kó lọ kà á. Àwọn kan tiẹ̀ ti dábàá nígbà kan pé kí wọ́n kúkú bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi kóòdù sí ìrísí, kí wọ́n fi ìró sílẹ̀. Mo lóye wọn. Àmọ́ òfin Unicode ni pé kóòdù tó bá ti jáde, wọn ò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́, wọn ò gbọ́dọ̀ fún lẹ́tà mìíì, ìwé táwọn èèyàn sì ti tẹ̀ láti 1999 ò ṣeé kó dànù.

Àwọn tí ò lè dúró ti wá ọ̀nà tiwọn. Ní Mòngólíà Inú, lábẹ́ Ṣáínà, kóòdù Menksoft gbajúmọ̀, ìrísí ni wọ́n fi kóòdù sí, nínú ààyè tí Unicode fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe tiẹ̀. Ohun tójú rí lohun tó wà nínú ẹ̀, kò sí dọ́ọ̀tì tó máa ṣìnà. Àmọ́ ẹni tí ò bá ní fọ́ǹtì yẹn, àpótí òfìfo ló máa rí, Google ò sì ní mọ ohun tó wà níbẹ̀, torí náà mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó lò ó fún ìwé tó fẹ́ kó pẹ́ láyé.

Lẹ́tà tuntun ṣì ń wọlé sí i o. Ní 2018, nínú Unicode 11, wọ́n gba lẹ́tà kan wọlé, CHA WITH TWO DOTS, tàwọn Buryat tó ń gbé lágbègbè adágún Baikal ní Rọ́ṣíà. Kóòdù 1878 ni wọ́n fún un, ó tẹ̀ lé lẹ́tà Manchu tó gbẹ̀yìn ní 1877. Lẹ́tà ẹyọ kan péré, àmọ́ ìwé Buryat àtijọ́ tí dọ́ọ̀tì méjì yẹn wà nínú ẹ̀ ò ṣeé tẹ̀ dáadáa kó tó dé, wọ́n á kàn fi cha lásán rọ́pò ẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, torí dọ́ọ̀tì yìí ní kóòdù tiẹ̀, ojú ń rí i, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, ohun méjèèjì bára mu. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ kọ́kọ́ rí i pé ẹ̀dà fọ́ǹtì tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe tàtijọ́.

Ìdí tí mo fi ń pariwo lórí ẹ̀ báyìí ni pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti àwọn onífọ́ǹtì nìkan. UNESCO ti fi ọnà ìkọ̀wé Mòngólíà sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà tó nílò ìdáàbòbò kánkán ní 2013. Òfin èdè tí Mòngólíà ṣe ní 2015 ní kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, kí iléeṣẹ́ ìjọba ti máa fi lẹ́tà méjèèjì ṣiṣẹ́, Cyrillic àti ti àtijọ́ yìí. Iléeṣẹ́ ìròyìn wọn, Montsame, ń gbé ìwé ìròyìn Hümüün Bichig jáde pẹ̀lú ẹ̀. Nítorí náà akọ̀wé ìjọba tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ lónìí.

Tó bá jẹ́ fọ́ǹtì nìkan, Noto Sans Mongolian gba márùn-ún nínú márùn-ún lọ́wọ́ mi. Kóòdù tó wà lábẹ́ ẹ̀, mẹ́ta, torí ó ṣeé lò, ó wà níbi gbogbo, ó sì dáa ju kóòdù àdáni lọ, àmọ́ kò ṣeé fọkàn tán láì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá kàn fẹ́ ọ̀rọ̀ kan sórí pósítà tàbí aṣọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, ẹ kọ́pì ẹ̀ látinú ìwé tí ọmọ Mòngólíà tẹ̀, ẹ yẹ kóòdù ẹ̀ wò, pàápàá 1823 àti 1824, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó nàró kẹ́ ẹ tó fún àwọn onítẹ̀wé, torí tó bá bọ́ sọ́wọ́ wọn ní ìdùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé gígùn, kó wá kíbọọ̀dù tó ń mú ọ̀rọ̀ wá látinú atúmọ̀ èdè, kó jẹ́ pé ààfin tàbí gígùn ló máa mú, tí kò ní máa yan o tàbí u fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe kíbọọ̀dù, tí ẹnì kan nínú yín bá ń ka èyí, ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún: ẹ fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ sí o àti u lójú sikirinì nígbà téèyàn bá ń tẹ̀wé lọ́wọ́, kí àwọ̀ náà lọ tó bá tẹ̀ ẹ́ tán.